Tíkẹ́ẹ̀tì Kì í Ṣe Oúnjẹ: Alẹ́ Àríyá Kan Nínú Ọgbà Ìṣeré

Bí wọ́n bá ń polówó alẹ́ àríyá ní ọgbà ìṣeré, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà: orúkọ olórin tó ń bọ̀, iye tíkẹ́ẹ̀tì, àti aago tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Wọn kì í kọ iye tí wọ́n ń ta àwo ìrẹsì kan nínú ọgbà náà. Bẹ́ẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ni yóò máa fi jẹun títí àríyá yóò fi parí.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, lẹ́yìn ìdánwò, àwa méje pinnu láti lọ sí irú àríyá bẹ́ẹ̀ ní ọgbà ìṣeré kan tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ ni ọgbà náà máa ń ṣí fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí àwọn tó wá lọ́sàn-án jáde ní aago márùn-ún. Nígbà tó di aago mẹ́fà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àríyá nìkan. ₦10,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú wa ti kọ́kọ́ sọ pé òun kò lọ, pé ara òun kò yá. A mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Ó ti tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí wọ́n ti kéde àríyá náà, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ kò sí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ra oúnjẹ fún òun lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ nílé, a mọ̀ pé ìgbà mìíràn tí a bá tún pe òde, kò ní dáhùn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni ọ̀rẹ́ fi ń sọnù nílé ìwé. Ẹnu kì í kò, ìjà kì í sì í ṣẹlẹ̀. Owó ni yóò kàn dá wọn sí méjì.

A bá dá ọgbọ́n kan. Kálukú fi iye tí agbára rẹ̀ bá ká ránṣẹ́ sí àkáùǹtì ẹnì kan nínú wa, ẹni tí a mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í yára. A kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ iye tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe ₦500. Òun ni yóò ra oúnjẹ gbogbo wa láti inú owó náà. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe gbọ́ èyí báyìí, ara rẹ̀ yá kíá.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára tíkẹ́ẹ̀tì pé a kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ wọlé, nítorí náà a se mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ dání: méje fún wa, ọ̀kan fún ẹni tí Ọlọ́run bá rán sí wa. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ yẹ báàgì wa wò, ó ní òfin ọgbà kò gba oúnjẹ láti ìta. A bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ni a bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, a jẹ ẹ́ lóòró. Ìkẹjọ ń bẹ nílẹ̀, a sì fi lọ ẹ̀ṣọ́ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbà á. Ẹni tí Ọlọ́run rán sí wa nìyẹn.

Nígbà tí a wọlé, ìsọ̀ oúnjẹ mẹ́rin péré ni a rí, gbogbo wọn ni èrò sì bò. ₦4,000 ni jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran adìyẹ kan. ₦1,500 ni igi sùyà kan. ₦1,000 ni omi inú ike ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ lọ́dún yìí, ẹ gbọ́ èyí: nígbà tí olórin gun orí ìtàgé, gbogbo ìlà oúnjẹ tú ká. Ìgbà náà gan-an ni olówó wa mú ẹnì kan dání lọ sí ìsọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi padà dé. Orin kò sì fò wọ́n rárá. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn lè jí òkú.

Àwo jọ̀lọ́ọ̀fù mẹ́rin, igi sùyà mẹ́rin, omi méjì: ₦24,000 ló lọ sí i. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin ni gbogbo tábìlì tó wà níbẹ̀, a kò sì fẹ́ pín sí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa tú ìró tó mú dání nítorí òtútù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nítòsí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn yípo lókè, a sì jókòó yí oúnjẹ ká. Kò sí ẹni tó ka iye ṣíbí tí ẹnì kejì bù. Ìyá kan ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ méjì. A ní, "Ẹ wá jẹun, mà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, á gba ibi ire o." Àfi bí èyí àbúrò ṣe jókòó wọ̀ọ̀ sórí ìró. A fún un ní ẹran. Ìyá rẹ̀ fún wa ní ike omi kan nígbà tó ń lọ.

Lẹ́yìn tí a padà sílé ìwé, a fẹ́ mọ̀ bóyá níbi gbogbo ni oúnjẹ ti máa ń gbẹ̀yìn nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀. A ka ìtàn Knott's Berry Farm ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni Walter Knott. Ní 1934, ìyàwó rẹ̀, Cordelia, se adìyẹ díndín fún ènìyàn mẹ́jọ, ó bù ú fún wọn sínú àwo ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì gba sẹ́ǹtì 65 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń wá jẹun pọ̀ débi pé ní 1940, Walter bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú àtijọ́ kékeré kan kí àwọn tó wà lórí ìlà lè rí nǹkan wò. Ibẹ̀ ni ọgbà ìṣeré náà ti dàgbà. Nígbà tó di 1973, wọ́n bẹ̀rẹ̀ alẹ́ Halloween tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́tọ̀. Oúnjẹ ló bí ọgbà náà.

Disney náà ń ṣe àríyá Halloween tirẹ̀ ní Magic Kingdom ní Florida láti 1995, tòun ti tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀. Súìtì tí wọ́n ń pín wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọ̀tọ̀ ni ti oúnjẹ gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ọtí tàbí ìgò nínú rẹ̀. Ó wù wá kí àwọn ọgbà tiwa náà rò ó wò.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó ló ń bọ́ àlejò rẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá kárí, orúkọ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Ní alẹ́ àríyá tí a ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, kò sí ẹni tó ń ṣe ìnáwó. Oníbàárà ni gbogbo wa. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi gbọdọ̀ gba ara wọn lálejò. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lóṣù Kejìlá yìí, ẹ kọ́kọ́ da owó oúnjẹ pọ̀, kí ẹ sì fi ẹni tó mọ ẹnu pa mọ́ ṣe akápò.

Tiwa kò tíì sọ iye tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ títí di òní. A kò sì bi í.