Ọ̀nà Mararaba sí Àbújá

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí kò gbé Mararaba rí ni yóò pe òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ọ̀lẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti kó láti Èkó wá sí Àbújá ní 1991, owó ilé ìgboro ga ju agbára wa lọ. Ìdí rèé tí a fi ń gbé ilẹ̀ Nasarawa. Oríta ni Mararaba lédè Haúsá. Ọkọ̀ Keffi àti tiwa a máa fún ara wọn pọ̀ dé Nyanya. Mo jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, síbẹ̀ mo pẹ́. Ọ̀gá ní kí n kọ̀wé ṣàlàyé. Mo jáde, ọmọ ń sùn. Mo padà, ó ti sùn. Ẹ̀yin ọ̀gá inú ẹgbẹ́ wa, ẹ bi wá léèrè ọ̀nà kí ẹ tó gé owó wa.