Iná Tí A Fi Ń Ṣọ́ Ilé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó sì yẹ kí a wò ó dáadáa kí a tó fi í sílẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ẹrù tí arìnrìn-àjò yóò gbé lọ ni ọkàn rẹ̀ máa ń wà lára, ìrònú tí ilé sì máa ń rí gbà kì í ju ti kọ́kọ́rọ́ lọ. Ohun tí olè lè gbé ni onílé ń ṣọ́. Ooru àti ọ̀rinrin kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, wọn kì í sì í bẹ̀rù àgádágodo. Olùkọ́ àgbà kan ní Òkìtìpupa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Igbótako ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí iná kì í kú. Ògiri amọ̀ ni ilé náà ní, ewé ògùrọ̀ ni wọ́n fi bò ó, àjà sì wà lókè ààrò. Púpurú ni ìyá rẹ̀ ń ṣe tà. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, yóò fa okùn inú rẹ̀ yọ, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n róbótó, yóò sì tò ó sórí àjà kí iná àti èéfín lè gbẹ ẹ́. Èéfín tí ó ń gbẹ púpurú náà ni ó ń gbẹ òrùlé. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè jẹ ewé àti igi. Ooru ààrò náà ni ó sì ń lé ọ̀rinrin kúrò lára ògiri ní ìgbà òjò.

Bí ìyá yìí bá ń lọ sí oko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń bẹ aládùúgbò rẹ̀: kí ó bá òun máa dá uná. Ẹnu Ìkálẹ̀ a máa fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀. Iná di uná, igbá di ugbá. Ọmọ rẹ̀, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀: àlọ́, oríkì, orúkọ ewé, orúkọ ẹja odò. Nígbà tí ìyá náà kú ní ọdún 1996, ìwé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún.

Ilé tí olùkọ́ náà kọ́ sí Òkìtìpupa kò jọ ti ìyá rẹ̀. Bulọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú yàrá. Ẹ̀rọ yìí ń fa ooru jáde, ó sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú. Omi tí ń kán lẹ́yìn ògiri ni ẹ̀rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé, òun àti aya rẹ̀ lọ lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìbàdàn. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó fi fíríìsà tí ó kún fún ẹja sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́, ó ti gbogbo fèrèsé, ó sì fa aṣọ bò wọ́n. Kò fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ ni ààbò rẹ̀ pé.

Òkìtìpupa kì í ṣe Ìbàdàn. Inú igbó kìjikìji ni ó wà, ọ̀sà àti òkun kò sì jìnnà sí i. Nínú oṣù kẹjọ, bí òjò tilẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀, ìkùukùu a máa bo oòrùn, afẹ́fẹ́ a sì kún fún omi. Bí ọ̀rinrin inú ilé bá wà lókè ìdá 70 tàbí 80 nínú 100 fún ọjọ́ púpọ̀, olú tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí irúgbìn rẹ̀ yóò hù lára ìwé, awọ, aṣọ àti igi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ kọjá, kì í rọrùn fún un láti fìdí múlẹ̀.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀. Ẹja inú fíríìsà le gbagidi, ó sì dàbí ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì dì síbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé iná ti lọ, ẹja ti yọ́, kí iná tó padà dé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, èyí tí ó fara ti ògiri tí òjò ń lù láti ìta. Ohun funfun bí òwú ti bo ẹ̀yìn àwọn ìwé. Ìwé mẹ́ta ìyá rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ojú-ewé wọn ti lẹ̀ mọ́ra, yíǹkì ti tàn ká, bí ó sì ti ń gbìyànjú láti là wọ́n, ọ̀rọ̀ ń bá ìka rẹ̀ lọ.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni aya rẹ̀ wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ.”

Wọ́n sá wọn sí ibòji. Ọ̀kan yè, ìdajì èkejì yè. Ìwé orúkọ ẹja lọ pátápátá. Ó wọkọ̀ lọ sí Igbótako láti bi àbúrò ìyá rẹ̀ léèrè. Arúgbó náà rántí díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìyókù, ó mi orí: “Ìyá rẹ ni ó mọ ìyẹn.”

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí wọn. Bàbá béèrè bóyá ó ti pa gbogbo ohun tí ń lo iná nílé.

“Rárá o, Bàbá. Mo dín ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná kù sí ìwọ̀n 12, n kò pa á.”

Ó ṣàlàyé pé bí òtútù bá mú omi inú páìpù títí dé ìwọ̀n 0, omi náà yóò di yìnyín; bí ó bá sì dì, yóò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, páìpù lè bẹ́, omi yóò sì ya bo ilé nígbà tí yìnyín bá yọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò, tí ń wọlé wò ó. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ìyá rẹ àgbà ni o fi jọ,” ni ó wí.

Láti ìgbà náà ni ètò ti yí padà. Kí wọ́n tó rìnrìn-àjò, wọn a kó ohun inú fíríìsà jẹ tàbí kí wọ́n fi ta ará àdúgbò lọ́rẹ, nítorí èyí tí ó kún tí a kò sì ṣí kì í lè pa òtútù mọ́ ju nǹkan bí wákàtí 48 lọ bí iná bá lọ, èyí tí ó kún dé ìdajì kì í sì í ju 24. Bí ìrìn-àjò náà kò bá gùn, wọn a fi ife omi dídì sínú rẹ̀, wọn a sì gbé owó ẹyọ lé e lórí. Bí wọ́n bá padà bá owó náà nísàlẹ̀ ife, wọ́n mọ̀ pé yìnyín ti yọ́ rí, wọn kì í sì í jẹ ohun inú rẹ̀. Wọn a yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, nítorí agbára tí iná fi ń padà dé lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ti kúrò lára ògiri. Olùkọ́ ti da ìwé tí ó yè kọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kọ́kọ́rọ́ wá ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ obìnrin kan ládùúgbò tí ń ṣe púpurú. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára, yóò ṣí fèrèsé láàárọ̀, yóò sì tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ sọ fún un pé kí ó máa lo ilé-ìdáná ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé tirẹ̀ ń jò. Èéfín ibẹ̀ kò lè gbẹ yàrá; fèrèsé ni ó ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n iná ni ó ń mú ẹni tí ó ni ọwọ́ tí ń ṣí fèrèsé wá lójoojúmọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ti ìrìn-àjò dé, ilé kò rùn. Òkìtì púpurú kan wà lórí tábìlì. Obìnrin náà ti ẹ̀yìnkùlé kí wọn: “Bàbá Tíṣà, ẹ kú àbọ̀. Uná yín kò kú o.”

Olùkọ́ lọ bá a nídìí ààrò. Ẹja mélòó kan wà lórí àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpurú. Ó mú ìwé tuntun, ó jókòó sórí àpótí, ó sì bi í ní orúkọ wọn.