Ta Ni Ọ̀gá Ọmọ Mi?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Baṣọ̀run níhìn-ín, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé kò yẹ kí n dá a mọ̀. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ bí ó ti rí, nítorí àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ni tíṣà. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí wa obìnrin kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2022, ó wọlé wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti ríṣẹ́."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun! Níbo?"

Ó ní, "Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ni."

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí jó. Mo ní, "Ìgbà wo lo ń lọ? Ká tètè wá ẹ̀wù òtútù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, n kò lọ síbì kankan. Inú yàrá mi níhìn-ín ni n ó ti máa ṣe é."

Ijó mi dúró. Mo ní kó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ náà wá. Nígbà tí a ó wo orí ìwé, orúkọ ará Jámánì kò sí níbẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ní ọ́fíìsì ní Èkó ló wà níbẹ̀, ìwé náà sì sọ gbangba pé ti Èkó yìí ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé, "Ta wá ni ọ̀gá rẹ? Ṣé ẹni tó ń rán ọ níṣẹ́ ni, àbí ẹni tó ń sanwó fún ọ?" Mo sọ fún un pé jìbìtì ni, kó dá ìwé wọn padà.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní ọdún tó ṣáájú, ọmọ yìí kan náà ti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan lókè òkun fún oṣù méje. Ẹni náà kò fún un ní ìwé kankan ju ọ̀rọ̀ inú fóònù lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọlé sẹ́nu iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Owó oṣù kan sì wọgbó. Ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ilé ẹjọ́ wo la fẹ́ gbé e lọ? Ọmọ náà sunkún, èmi náà sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá wọn gbọ́ ariwo wa, wọ́n sì jáde sí pálọ̀. Wọ́n fi awò ojú wọn sójú, wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ìyá wọn, fara balẹ̀. Alágbàtà ni ti Èkó yìí."

Wọ́n wá ṣe àlàyé bí wọ́n ti máa ń ṣe é fún ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ní ará Jámánì yìí kò ní ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin ilẹ̀ wa tó de àwọn kọ́ńpìnnì, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020, sọ pé kọ́ńpìnnì òkèèrè tó bá fẹ́ ṣòwò níhìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ bí kọ́ńpìnnì ọ̀tọ̀ nílẹ̀ wa. Ta ni yóò forúkọ sílẹ̀, tí yóò gba lọ́yà, tí yóò gba olùṣírò owó, nítorí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo? Nítorí náà, yóò lọ bá ẹni tó ti fìdí kalẹ̀ níhìn-ín. Ìwé méjì ni wọ́n ó kọ. Ọ̀kan yóò wà láàárín ará Jámánì àti alágbàtà, èkejì yóò wà láàárín alágbàtà àti òṣìṣẹ́. Ará Jámánì ni yóò máa sọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe láràárọ̀. Alágbàtà ni yóò máa san owó oṣù, tí yóò yọ owó orí fún ìjọba Ọ̀yọ́ tí ọmọ ń gbé, tí yóò sì fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́. Lóṣooṣù ni ará Jámánì yóò fi gbogbo owó náà ránṣẹ́, pẹ̀lú èrè alágbàtà lórí rẹ̀.

Wọ́n ní àǹfààní wà níbẹ̀. Ẹni tó gba ọmọ wa tẹ́lẹ̀ kò ní ojúkò tí a lè dì mú, ṣùgbọ́n eléyìí wà ní Èkó, òfin Nàìjíríà sì de òun. Bí ìjà bá dé, Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níhìn-ín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì sọ pé kọ́ńpìnnì tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá a. Nínú 100 náírà owó oṣù, òṣìṣẹ́ yóò mú 8 wá, agbanisíṣẹ́ yóò fi 10 kún un, ó kéré tán. Orúkọ òṣìṣẹ́ gan-an ni àpò owó náà ń jẹ́, bó bá kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ síbòmíràn, àpò rẹ̀ ń bá a lọ.

Mo ní, "Bàbá wọn, ayé ti dayé tuntun."

Wọ́n ní, "Tuntun kẹ̀? Ṣé o kò gbọ́ ìtàn Fernando Po rí ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kò gbọ́ ọ rí lóòótọ́. Erékùṣù ni, Bioko ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Àwọn ará Sípéènì ló ni ín nígbà náà, kòkó ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, wọn kò sì rí ènìyàn tó láti ṣa á. Láìbéríà ni wọ́n ti ń kó lébìrà tẹ́lẹ̀. Àwọn alágbàtà ibẹ̀ ń fi agbára kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ẹni ńlá ìlú sì ń jẹ nínú owó orí wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayé rán ìgbìmọ̀ lọ wádìí rẹ̀ ní ọdún 1930, ìtìjú bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Láìbéríà, Charles King, fi ipò sílẹ̀ ní ọdún náà. Àwọn olóko wá kọjú sí Nàìjíríà. Ní ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa àti ìjọba Sípéènì ṣe àdéhùn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ alágbàtà ní Kàlàbá tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún àwọn olóko. Ìlà Oòrùn Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn lébìrà náà ti lọ. Ìwé àdéhùn wà lóòótọ́, síbẹ̀ ẹkún pọ̀ nínú oko wọ̀nyẹn, títí ìjọba wa fi kó àwọn ọmọ Nàìjíríà kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1976.

Wọ́n ní, "Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ńkọ́? Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yáwó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Bàbá ló gba owó, ọmọ ló ń kọ ebè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó. Níbi tí aburú máa ń gbà wọlé nìyẹn. Nítorí náà, ọmọ mi, lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó."

Wọ́n ní kó bèèrè nǹkan márùn-ún, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé: iye owó oṣù gan-an àti irú owó tí wọn yóò fi san án, ohun tí wọn yóò máa yọ níbẹ̀, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi kìlọ̀ fún un kí iṣẹ́ tó parí, ìsinmi àti àìsàn, àti ní ìkarùn-ún, bí ará Jámánì kò bá fi owó ránṣẹ́, ṣé alágbàtà yóò san án? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà dìídì wà fún. Fún irú iṣẹ́ ọmọ wa, ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ sí nínú ìwé ni yóò bá níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá kò sọ nǹkan kan nípa ìkarùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì kọ fún ìkìlọ̀. Ọmọ mi kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò gba iṣẹ́ náà padà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró. Wọ́n gbà, wọ́n sọ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ni yóò san owó oṣù bí ti Jámánì tilẹ̀ pẹ́. Ó fọwọ́ sí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣe é fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ọjà kò tà mọ́ fún ará Jámánì, ó sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí pé ilẹ̀kùn tì lójijì. Alágbàtà kọ ìwé, ó san owó oṣù kan gbáko, àpò owó ìfẹ̀yìntì ọmọ mi sì wà níbẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n a kò sunkún.

Ibi tí ìtìjú mi wà ló kù báyìí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí yẹn, ọmọ mi ń bá mi lọ sí ìsọ̀ ní Gbági. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń bá mi tajà, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, ará Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Yorùbá ló ń sọ bíi tiwa, àfi pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Obìnrin alágbàtà kan ló mú un wá fún mi. 25,000 náírà ni mò ń san lóṣù, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti ibi orun, ọwọ́ obìnrin náà ni mo sì ń san án sí. Ó ní òun ń bá a fi ránṣẹ́ sílé ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bí gbogbo ìlú ti ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin náà wá gba owó. Bí ó ti lọ tán, ọmọ mi yíjú sí mi, ó rọra ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ni ọ̀gá ọmọbìnrin yìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó ní, "Kí ló dé tí owó rẹ̀ kò fi gba ọwọ́ rẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Mo pe ọmọbìnrin náà, mo bi í léèrè. Ó kọ́kọ́ ń wolẹ̀, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú wa. Oṣù 14 ló ti lò lọ́dọ̀ mi, èyí já sí 350,000 náírà. 120,000 péré ló dé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní Sábẹ̀. 230,000 yòókù ti há sọ́nà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ iye tí mò ń san. Ó rò pé 10,000 ni. Ọ̀rọ̀ bàbá wọn sọ sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó. Èmi tí mo sunkún lórí owó oṣù kan tí ẹlòmíràn jẹ mọ́ ọmọ mi lára, ìsọ̀ tèmi gan-an ni wọ́n ti ń jẹ ti ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ mi ni wọ́n sì fi ń gbà á.

Mo ránṣẹ́ pe obìnrin náà. Ó ṣe ìbínú, ó ní owó ọkọ̀ ni, ó ní owó oúnjẹ ni, ó ní bóun ti ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Mo ní kó mú ìwé àṣẹ ìjọba tó fi ń ṣe òwò náà wá, kò ní. 90,000 ni a rí gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù, èmi ni mo ń san án díẹ̀díẹ̀, nítorí èmi ni ọ̀gá. Ọmọ mi bá a ṣí àpò sí ilé ìfowópamọ́, bàbá wọn sì kọ ìwé fún un, nǹkan márùn-ún náà wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń bá mi tajà. Ọmọ tèmi náà ti rí iṣẹ́ mìíràn, ìwé ni ó sì kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀yin ará, n kò ní kí a má lo alágbàtà. Ṣé àwa oníṣòwò kì í lò ó ni? Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní ọdún 1997 nípa irú iṣẹ́ yìí sọ ọ́ pé kí alágbàtà má gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi níbi tí ìjọba bá dìídì yọ̀ǹda. Lára ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ni kó ti jèrè tirẹ̀. Bí ọmọ yín bá rí irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gba ọmọ ọlọ́mọ, ẹ pè é lónìí, ẹ bi í bóyá ó mọ iye tí ẹ ń san lórí rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ná mi ju ìṣẹ́jú kan lọ, oṣù 14 ni mo sì fi gbàgbé láti bèèrè rẹ̀.