Bí Ẹkùn Bá Ní Ìlú

Nínú àlọ́ ilẹ̀ wa, ẹkùn kì í ṣe ẹran igbó lásán. Ó ní ilé, ó ní aya, ó ní oko; a máa jẹ gbèsè, a sì máa bá Ìjàpá ṣọ̀rẹ́. A fún un ní ọgbọ́n ènìyàn, a sì rò pé bí ọgbọ́n bá ti dé, ìlú ti dé nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹkùn bí Elédùmarè ṣe dá a. Adánìkanrìn ni. Akọ kan kì í fẹ́ rí akọ mìíràn ní sàkáání rẹ̀. Ìtọ̀ àti èékánná tó fi ha igi ni ó fi ń pààlà. Abo a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a sì máa bí méjì tàbí mẹ́ta. Bàbá kì í tọ́jú wọn. Ìyá nìkan ni olùkọ́ wọn títí wọn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, tí kálukú yóò bá tirẹ̀ lọ. Ìyìn ni a fi òwe wa yìn ín nígbà tí a ní ẹkùn kì í jẹ ẹran ìkàsì: a máa gbé ẹran tó pa gun orí igi, a sì máa padà wá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ǹjẹ́ bí irú ẹ̀dá yìí bá ní èdè àti ìrònú bíi tiwa, irú ìlú wo ni yóò tẹ̀ dó? Lójú tèmi, kò ní í sí ọba, kò ní í sí ọjà, kò sì ní í sí ọ̀wẹ̀ tàbí àáró. Ta ni yóò pe ènìyàn sí ẹrù tí òun nìkan lè gbé? Ọgbọ́n nìkan kọ́ ní í kó ìlú jọ. Ohun tí apá ẹnìkan kò ká ni.

Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí. Aréògún ará Òsì, tó kú ní 1954, Bándélé ọmọ rẹ̀, àti Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wà, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022, gbogbo wọn ló gbẹ́ ère Ẹpa. Lára irú ère bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì ni èyí tí ẹkùn wà lórí rẹ̀, tó ki ẹran mọ́lẹ̀. Igi tó wúwo ni. Ẹni tó rù ú yóò fò gun òkìtì níṣojú gbogbo ìlú. Bí kò bá kọsẹ̀, ọdún yóò san wá, bí ó bá ṣubú, àmì ibi ni. Ẹranko tó ń dá rìn nínú igbó wá di ẹni tí ń fẹ́ agbẹ́gi, onílù, olórin àti ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó tó lè fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ọmọ ẹkùn ni a máa ń pe àwọn ọmọ wa bí wọ́n bá mọ̀wé. Àwọn tèmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Méjì wà lókè òkun, ẹnìkan wà ní Àbújá. N kò bínú sí wọn, èmi ni mo kọ́ wọn ní ìrìn náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ti Òsì lọ sí Ìlọ́fà, tí mo rí àwọn arúgbó tó dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù a máa bà mí pé ẹkùn inú igbó ni a ń fi ọmọ wa ṣe, kì í ṣe ẹkùn orí Ẹpa. Ère lè pẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù. Ọrùn tí yóò rù ú kò ṣeé fi igi gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n wálé ọdún nígbà tí ilé ṣì mọ̀ wọ́n.