Ṣájà Kékeré, Láptọ́ọ̀pù Ńlá: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín lóṣù yìí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé. Ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni pé kí obìnrin tó ra áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ ìlọta, kí ó yí ìdí rẹ̀ padà, kí ó ka iye fóòlùtì àti iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ ni n kò ka ti ara mi.

Ìlọrà ni mo ń gbé, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, eku gé wáyà ṣájà láptọ́ọ̀pù mi jẹ sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán Ọjọ́ Ajé kí n tó fi jíṣẹ́, nítorí pé ìpàdé tí yóò fọwọ́ sí èsì ìdánwò wọn yóò wáyé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Fìdítì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó létí títì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yá mi ní ṣájà tirẹ̀. Mo tì í bọ ihò láptọ́ọ̀pù mi, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tàn. Mo ṣàdúrà fún ọmọ náà, mo sì padà sílé.

Kì í ṣe pé wọn kò kìlọ̀ fún mi. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, tèmi kéré o, yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kún." Láptọ́ọ̀pù pàápàá kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ṣájà náà kò lágbára tó, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ń lé eṣinṣin.

Ẹnu tí ó bára mu ni ó tàn mí jẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, ṣájà tí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ ẹni sábà máa ń kọ̀, kò ní wọlé. Nísinsìnyí, ẹnu pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní USB-C ti gba ilé gbogbo. Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ di òfin fún fóònù láti oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n sì fi oṣù kẹrin ọdún 2026 sílẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù. Ìrọ̀rùn ni, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ara ṣájà tí eku jẹ ni wọ́n kọ 20 fóòlùtì àti 3.25 áńpì sí. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 65 wáàtì ni. Ti ọmọ Fìdítì jẹ́ 20 fóòlùtì àti 2.25 áńpì, èyí tí í ṣe 45 wáàtì péré.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó oúnjẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní láptọ́ọ̀pù ń jẹ 25 wáàtì nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù nìkan ni bátìrì yóò rí fi pamọ́, bí ó ti jẹ́ pé ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ ọmọ ni obìnrin fi ń dá èésú. Ṣájà 65 yóò ṣẹ́ 40 kù, ṣájà 45 yóò ṣẹ́ 20 kù. Ẹ ò rí i pé ṣájà ọmọ náà ju ìdajì tèmi lọ dáadáa, síbẹ̀ ìdajì géérégé ni àṣẹ́kù rẹ̀? Iṣẹ́ tí tèmi ń ṣe fún bátìrì ní wákàtí kan, wákàtí méjì ni tirẹ̀ yóò fi ṣe é. Èmi tún so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù náà, kí òun náà máa jẹ níbẹ̀!

Bí iná bá wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí kò ní ìpalára kankan. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì péré ni a ń tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ nílé mi nítorí owó epo. Ní alẹ́ Àìkú, mo ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí méjèèjì náà, mo sì bá a lọ lórí bátìrì títí di ọ̀gànjọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà mi. Lówùúrọ̀ Ajé, mo fi ṣájà sílé, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tí ó gbé odindi ẹrù. Kò síná níbi iṣẹ́. Máàkì ọmọ kọkànlélọ́gọ́ta nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí ó fi kú. Kí n tó lọ sí Ìlọrà kí n sì padà, wọ́n ti ti ọ́fíìsì.

Ìpàdé fo kíláàsì mi. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni àwọn ọmọ náà fi dúró. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé èsì wa ti jáde? Bàbá mi ní àwọn kò ní sanwó sáà tí ń bọ̀ láìjẹ́ pé àwọn rí i." Mo ní kí ó dìde, pé kò ní pẹ́. N kò lè lanu sọ fún un pé ṣájà ni.

N kò bínú sí ṣájà náà o, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ní ti USB-C, ṣájà àti ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yóò sì mọ ìwọ̀n tí òun lè bèèrè. Àwọn ṣájà ẹlẹ́nu róbótó ayé àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Fóòlùtì wọn gbọdọ̀ bá ti ẹ̀rọ mu, ẹ̀rọ mìíràn sì wà tí kò mọ̀ pé agbára ṣájà kéré, tí yóò máa fà á títí yóò fi gbóná kọjá àlà. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbé lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ má sì ṣe gbé e lé orí ibùsùn rárá.

Kódà, ṣájà kékeré yìí wúlò fún mi ju tèmi lọ lọ́nà kan. Àpótí sólà wa nílé kò lè gbé ju 60 wáàtì lọ. Bí ṣájà 65 bá fà á tán, pírí ni àpótí yóò kú, ṣùgbọ́n ti 45 ń bá a rìn jẹ́jẹ́. Bí mo bá ti so ó, mo máa ń pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, kí gbogbo ohun tí ń wọlé lè lọ sínú bátìrì.

Mo ti ra 65 tuntun. Orí ìṣó lókè ògiri ni mo ń gbé e kọ́ nítorí eku. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti Fìdítì pé òun fẹ́ gba tòun.