Ọkọ̀ Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùṣọ́-àgùntàn tí ń gbé Àpáta ní Ìbàdàn, níbi tí kò sí ọ̀sà tàbí òkun, fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi. Apẹja ni bàbá wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tí wọ́n sùn nínú Olúwa, ọkọ̀ onípákó kan, tí ó ní òpó àti ìgbòkun, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa àti àbúrò wa.

Ọkọ̀ yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò wa fẹ́ tà á. Àwa ní kí ó wà fún ìrántí. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ìránṣẹ́ Ọlọ́run jáde lẹ́nu wa. Fún ọdún mẹ́fà, a kò kí ara wa. A ń wàásù ìdáríjì ní Àpáta, ṣùgbọ́n a ń retí pé kí àbúrò kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá.

Nígbà tí a padà délé, ọkọ̀ ti là yẹ́láyẹ́là nínú oòrùn. Káfíńtà wò ó, ó ní, "Pásítọ̀, omi kọ́ ni ó bà á jẹ́ o. Orí ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ fi í sí ni." Ó ṣàlàyé pé bí pákó bá wà nínú omi, a máa wú, àlàfo àárín wọn a sì pa dé, bí ó bá gbẹ, a súnkì, àlàfo a sì yọ.

Èyí rán wa létí ọkọ̀ kan tí a rí létí Òkun Gálílì ní 1986. Ọ̀dá mú kí omi fà sẹ́yìn, àwọn apẹja méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ará Ginosar, sì rí i nínú ẹrẹ̀. Ó gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó bí ọdún 2,000. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Olúwa wa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àkókò náà ni. Irú igi 12 ni a bá lára rẹ̀! Ẹni tí ó ni ín kò dúró de pákó dáradára. Èyí tí ó rí ni ó fi ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó wú u jáde kò sì jẹ́ kí ó gbẹ: inú omi ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn náà nínú oògùn tí ó dàbí ìda, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A dìde, a lọ sí ilé àbúrò wa. A ní, "Àwa ni a jẹ̀bi." Kò fèsì. Ó wọlé, ó gbé pákó ilẹ̀kùn yàrá bàbá wa tí ó ti fi pamọ́ jáde. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí a fi èyí lẹ̀ ẹ́."

Káfíńtà yọ pákó tí ó ti jẹrà, ó ki òwú àti ọ̀dà bọ àwọn àlàfo. A rì í sínú omi tí kò jìn fún ọjọ́ díẹ̀, kí pákó lè wú. Nígbà tí a ta ìgbòkun, ó ṣì ń jò díẹ̀. Àwa di àjẹ̀ mú, àbúrò wa ń gbọ́n omi.

Lọ́dọọdún báyìí, a máa ń ti Àpáta lọ láti bá a fi ọ̀dà kùn ún. Ọkọ̀ onípákó kì í ní àtúnṣe àṣekágbá.

Olólùfẹ́, ta ni ìwọ àti rẹ̀ jọ fi ọkọ̀ yín sílẹ̀ sínú oòrùn? Má ṣe dúró de pákó tí kò lábùkù. Mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì lọ. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.