Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tó Kẹ́yìn Gbàǹjo

Lọ́dún 1995, Pierre Omidyar, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní California, lu tọ́ọ̀ṣì léésà kékeré ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ti bà jẹ́. Síbẹ̀, ẹnì kan rà á ní dọ́là 14.83. Omidyar kọ̀wé bi í bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Oníbàárà ní òun mọ̀, èyí tó ti bà jẹ́ gan-an lòun ń kó jọ. Báyìí ni ọjà tí a mọ̀ sí eBay ṣe bẹ̀rẹ̀.

Iye tí nǹkan tó lójú ẹni, inú ẹni ló ń gbé. Ẹni tó mọ ọjà ná kì í jẹ́ kí olọ́jà rí i lójú òun. Lọ́dún 1961, William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wá ọgbọ́n sí i: kí olúkúlùkù kọ iye tirẹ̀ sínú àpòòwé, kí ẹni tí owó rẹ̀ ga jù gbé ọjà, ṣùgbọ́n kí ó san iye tí ẹni tó tẹ̀ lé e kọ. Bí Àjàó bá kọ dọ́là 100, tí Àdùkẹ́ kọ 80, Àjàó ló gbé e, 80 ni yóò sì san. Kí ni yóò wá fi irọ́ ṣe? Bó bá kọ 70, ọjà ti bọ́ nìyẹn.

eBay mú nǹkan tó jọ èyí lò. Oníbàárà á sọ iye tó lè san jù lọ, kọ̀ǹpútà á máa bá a fi owó kún owó díẹ̀díẹ̀. Kò sídìí fún kánjú, kò sídìí fún ìdúró. Àmọ́ àwọn èèyàn ń dúró di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn!

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alvin Roth àti Axel Ockenfels, fi eBay wé gbàǹjo tí Amazon ń ṣe nígbà náà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Lórí eBay, bí aago bá ti lù, ọjà ti tú. Ní ti Amazon, bí ẹnikẹ́ni bá fi owó lé e níparí, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un. Ìrọ́lura ìkẹyìn yẹn kò pọ̀ níbẹ̀ rárá bíi ti eBay. Ìlà òfin kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà ló pín ìwà wọn níyà. Ìdí nìyí tó fi dára pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti ti ọrọ̀ ajé jọ ń ṣèwádìí káràkátà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó wọni lọ́kàn jù nínú ìwádìí Roth àti Ockenfels ni pé, lórí eBay, àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ ń pẹ́ kí wọ́n tó dá sí i ju àwọn tó ń ra kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó bá dá ojúlówó ohun àtijọ́ mọ̀, tó sì tètè fi owó lé e, ti fi ojú ara rẹ̀ ríran fún gbogbo àwọn tó ń bá a du ọjà.